Kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná: ìmúrasílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa pọntí bíà láti inú ọkà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pọntí bíà nínú ilé ara wọn nílùú ọba níbí, inú agolo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ra omi ọkà tí ilé-iṣẹ́ ti sè títí tó fi ki, wọ́n á pò ó mọ́ omi gbígbóná, wọ́n á da yíìsì sí i, ó tán. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, ọtí náà ṣeé mu. Àmọ́ tó bá yá, ó máa ń wu èèyàn láti mọ bí omi inú agolo yẹn ṣe di omi dídùn, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á jáde láti inú ọkà. Ẹni tọ́rọ̀ náà bá ti wù dé ibẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ló ń gbà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ kí èèyàn jókòó kó máa wo aago. Ohun tó ń sọ ọ́ di wàhálà ni kí omi ti gbóná tán ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá tẹ̀mómítà, tàbí ká ti da ọkà sínú ìkòkò tán ká tó rí i pé kò gbà á. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí fi máa pẹ́ lórí alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìpọntí ju orí ọjọ́ náà gan-an lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò ńlẹ̀. Láti ọdún 1963 ni ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fagi lé ìwé àṣẹ tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó pọntí nílé, bí ẹ ò bá ṣáà ti tà á. Ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹwàá ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó fàyè gbà á: gálọ́ọ̀nù 100 lọ́dún fún ilé tó ní àgbàlagbà kan, 200 fún ilé tó bá ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì ní òfin tiẹ̀, ọdún 2013 ni Alabama àti Mississippi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á láàyè.

Ohun tí a fẹ́ ṣe

Àwọn ìyá wa tó ń pọn ọtí ọkà bàbà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Wọ́n á rẹ ọkà sómi, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ kó lè hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Ọkà tó bá ti hù ti mú ẹ́ńsáìmù jáde nínú ara rẹ̀, òun ló sì ń sọ ìyẹ̀fun inú ọkà náà di ṣúgà tí yíìsì máa jẹ. Ohun tó yàtọ̀ nínú ti àwọn tó ń pọn bíà ni pé ọkà báálì ni wọ́n ń lò, ilé-iṣẹ́ ló sì ń bá wọn mú un hù tó ń fi ooru gbẹ ẹ́. Ọkà gbígbẹ yẹn ni wọ́n ń pè ní mọ́ọ̀tì. Ẹ má rò pé mọ́ọ̀tì inú ìgò tí a ń mu níbi ìsọmọlórúkọ ni mò ń wí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọkà kan náà ni òun náà ti wá. Tẹ́ ẹ bá ju hóró rẹ̀ kan sẹ́nu, ó máa ń rún wómúwómú, adùn rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ lọ.

Orí ooru ni gbogbo nǹkan wà. Ẹ́ńsáìmù méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò. Èkíní fẹ́ràn nǹkan bíi 60 sí 65°C, ṣúgà tí yíìsì lè jẹ tán ló ń ṣe. Èkejì fẹ́ràn nǹkan bíi 68 sí 72°C, ó sì máa ń fi àwọn ṣúgà kan sílẹ̀ tí yíìsì kò lè jẹ. Nítorí náà, bí ooru bá lọ sílẹ̀, ọtí náà á gbẹ lẹ́nu. Bó bá ga, á nípọn, á sì dùn díẹ̀. 66°C wà láàárín, ibẹ̀ ni ká dúró sí fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ooru bá fi lè kọjá 78°C kí iṣẹ́ tó parí, ẹ́ńsáìmù ti kú nìyẹn, ẹ̀kọ lẹ máa sè.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí a ò lo ọkà bàbà tiwa. Ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí. Ìyẹ̀fun inú ọkà bàbà kì í rọ̀ bọ̀rọ̀, ooru tó sì máa mú un rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èyí tó ń pa ẹ́ńsáìmù rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì báálì wọ̀lú ní ọdún 1988, tí àwọn iléeṣẹ́ ọtí sì ní láti yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, ìṣòro tó bá wọn nìyẹn. Ẹ fi ọkà báálì kọ́ iṣẹ́ náà ná.

Èyí tí ẹ máa pọn, àti bó ṣe máa pọ̀ tó

Àwọn ìwé Òyìnbó sábà máa ń ní kí èèyàn pọn 23 lítà. Ẹ má dá wọn lóhùn. 23 lítà nílò ìkòkò ńlá tí sítóòfù ilé kò ní lè mú hó, àti ẹ̀rọ onírin bàbà (copper) tí wọ́n fi ń mú omi ọkà tutù. 10 lítà ló bá ilé ìdáná mu: á fún yín ní nǹkan bí ìgò 18 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìdajì lítà, ìkòkò 20 lítà á sì tó o.

Mo yan bíà aláwọ̀ ṣokoléètì fẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bitter. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ó máa ń forí ji èèyàn, omi líle bíi ti London kò sì ní bà á jẹ́. Omi ìlú ló kọ́kọ́ ń pinnu irú ọtí tó máa dùn níbẹ̀: omi London bá bíà dúdú tí wọ́n ń pè ní porter mu, omi ìlú Burton upon Trent, tí èròjà ilẹ̀ tó ń jẹ́ gypsum pọ̀ nínú rẹ̀, bá bíà aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní pale ale mu, omi Pilsen tó rọ̀ bá ọtí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ti àwọn ará Czech mu.

Ẹ ra nǹkan wọ̀nyí:

- mọ́ọ̀tì Maris Otter (orúkọ irú báálì kan), kílò 2.1, kí wọ́n bá yín fọ́ ọ
- crystal malt (mọ́ọ̀tì tó ń fún ọtí ní àwọ̀ àti adùn), gíráàmù 150, kí wọ́n fọ́ òun náà
- hops (òdòdó tó ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn dídùn), irú East Kent Goldings, gíráàmù 40
- páálí yíìsì gbígbẹ kan fún ale (irú bíà tí bitter jẹ́), gíráàmù 11 tàbí 11.5
- Campden tablet (oògùn oníhóró tó ń pa chlorine inú omi ẹ̀rọ), ìwọ̀nba díẹ̀
- Star San tàbí oògùn apakòkòrò mìíràn tí kò nílò kí a ṣan án

Ọ̀rọ̀ "kí wọ́n fọ́ ọ" yẹn ṣe pàtàkì. Fífọ́ yàtọ̀ sí lílọ̀. A fẹ́ kí èèpo rẹ̀ ya, kí inú rẹ̀ sì fọ́ sí wẹ́wẹ́, a ò fẹ́ kó kúnná bí èlùbọ́. Bí ẹ bá gbé e dé ilé tí ẹ rí hóró tó ṣì wà ní odindi, tó sì pọ̀ nínú àpò náà, ẹ dá a padà. Hóró tí kò fọ́ kò ní fún yín ní ṣúgà kankan.

Ìṣirò omi

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sá nìyí, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀nà tí a fẹ́ lò kò ju pé ká da gbogbo omi sínú ìkòkò kan, ká ki ọkà sínú àpò asẹ́ ńlá, ká rì í sínú omi náà, ká sì fà á yọ nígbà tó bá yá. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé mélòó ni kí omi náà jẹ́ ká tó lè rí 10 lítà gbà níkẹyìn?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá. 10 lítà la fẹ́ nínú ike. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ hops àti ti ọkà máa mú nǹkan bíi lítà 1 dání nísàlẹ̀ ìkòkò. Bí ẹ bá fi wákàtí kan sè é, nǹkan bíi lítà 3 á bá ooru lọ. Ọkà náà á fa omi mu: kílò kan á mú nǹkan bíi lítà 0.8 lọ bí ẹ bá fún àpò náà dáadáa, kílò 2.25 á sì mú nǹkan bíi lítà 1.8. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé díẹ̀ ní 15 àtààbọ̀. Ẹ fi 16 lítà sí i.

Ṣé ìkòkò á gbà á? Kílò ọkà kan máa ń gba àyè tó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta lítà nínú omi. Lítà 16 àti nǹkan bíi 1.5 jẹ́ 17.5. Ìkòkò 20 lítà gbà á, àmọ́ àyè tó kù kò pọ̀, ẹ rántí ìyẹn nígbà tí omi ọkà bá fẹ́ máa hó.

Lítà 3 tí mo ní ó máa bá ooru lọ yẹn, sítóòfù yín ló mọ òótọ́ rẹ̀. Ìkòkò tó fẹ̀ lẹ́nu máa ń pàdánù ju èyí tó gùn lọ. Torí náà, ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ gbé omi lítà 13 kaná títí á fi hó yaya, ẹ jẹ́ kó hó fún ìdajì wákàtí láìdé e, kẹ́ ẹ wá wo iye tó dín. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ti wákàtí kan nìyẹn. Èèyàn púpọ̀ kì í ṣe èyí, ṣùgbọ́n mo gbà pé òun ló wúlò jù nínú gbogbo ìmúrasílẹ̀, nítorí ó tún máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá sítóòfù yín tiẹ̀ lágbára láti mú omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ hó. Bí iná kan kò bá ká a, ẹ gbé ìkòkò náà lé iná méjì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ iye lítà tó wà nínú ìkòkò gbígbóná? Orógùn yín ló máa sọ ọ́. Ẹ ti orógùn onígi kan dúró ṣánṣán nínú ìkòkò òfìfo, kẹ́ ẹ máa da omi sí i ní lítà kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá ti ga dé ibi kan, ẹ fi ọ̀bẹ fá àmì síbẹ̀. Tó bá di lítà márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ jẹ́ kí àmì ibẹ̀ gùn ju àwọn tó kù lọ. Orógùn náà kò ní bá ìkòkò mìíràn ṣiṣẹ́ o, ìkòkò yẹn nìkan ló mọ̀.

Àwọn ohun èlò tó kù

Àpò asẹ́ tó fẹ̀ tó láti bo ẹnu ìkòkò. Bí ẹ bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì, ẹ mọ irú aṣọ tó yẹ: kó jẹ́ kí omi kọjá, kó dá eèrí dúró. Tẹ̀mómítà. Hydrometer, ìyẹn ohun tó ń léfòó nínú omi láti fi mọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, àti ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbà á dúró. Ike ìpọntí tó gba lítà 15, tó ní ìdérí àti ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde láì jẹ́ kó wọlé. Òṣùwọ̀n tó lè wọn gíráàmù kan. Aṣọ ìnura méjì tó nípọn tàbí búláńkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó. Ìgò tí a fi ń fín nǹkan. Aidíìnì, irú èyí tí a ń fi sójú egbò. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ọjà ló ń tà.

Alẹ́ tó ṣáájú

*Omi.* Ẹ pọn 16 lítà sínú ìkòkò látìrọ̀lẹ́. Oògùn tí wọ́n ń fi sínú omi ẹ̀rọ kì í bá bíà ṣọ̀rẹ́. Bó bá pàdé àwọn nǹkan kan tó wà nínú èèpo ọkà, ọtí náà á máa rùn bí oògùn tí wọ́n fi ń nulẹ̀ ilé ìwòsàn, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i mọ́. Chlorine lásán máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìlú púpọ̀ ló ń lo chloramine báyìí, ìyẹn kì í sì í lọ bọ̀rọ̀ bí ẹ tilẹ̀ sè é. Ẹ fọ́ Campden tablet kan sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ lọ ìdá kan kúnná, kẹ́ ẹ sì rò ó mọ́ omi náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ dé ìkòkò náà, ó di àárọ̀.

*Wíwọ̀n.* Ẹ wọn hops sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ife méjì: gíráàmù 25 nínú ọ̀kan, 15 nínú èkejì. Ẹ kọ "ìṣẹ́jú 60" sára ti àkọ́kọ́, "ìṣẹ́jú 10" sára ti ìkejì. Ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ nígbà tí ooru bá bo ojú yín, tí fóònù ń dún, tí ọmọ ń pè yín, ife méjì tó ní àkọlé dára ju òṣùwọ̀n kan tí ẹ ń wá bátìrì rẹ̀ lọ. Ẹ wọn ọkà náà pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì gbé e wọlé tó bá jẹ́ pé ṣẹ́ẹ̀dì ló wà, torí ìṣirò ooru tí a fẹ́ lò lọ́la gbà pé ọkà náà wà ní nǹkan bíi 18°C. Ọkà tó sùn síta nínú ọ̀gìnnìtìn á fa ooru omi yín wálẹ̀.

*Ìdánwò.* Ẹ ti tẹ̀mómítà bọ omi tí yìnyín ti ń yọ́ nínú rẹ̀. 0°C ló yẹ kó kà. Ẹ tì í bọ omi tó ń hó. 100°C ni, bí ibi tí ẹ ń gbé kò bá ga púpọ̀. Bó bá fi dígírì méjì lé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè máa yọ ọ́ kúrò. Ẹ ju hydrometer sínú omi tútù tó wà ní ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sára rẹ̀, 20°C ló wọ́pọ̀. 1.000 ló yẹ kó dúró sí. Ohun méjèèjì yìí ni ojú yín lọ́la, ẹ má sì gbára lé ojú tí ẹ ò tíì dán wò.

*Fífọ̀.* Ohun méjì ni fífọ̀ àti pípa kòkòrò. Ohun tó bá dọ̀tí, oògùn apakòkòrò kò ràn án. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ike, ìdérí àti rọ́bà rẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ ṣan ọṣẹ náà kúrò pátápátá. Ẹ má fi kànrìnkàn wáyà ha inú ike, ojú ibi tó bá ha ni kòkòrò máa ń sá pamọ́ sí. Pípa kòkòrò di ọ̀la.

*Yíìsì àti yìnyín.* Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí yíìsì. Ẹ di omi sínú àwọn ike tó ti mọ́, kẹ́ ẹ tò wọ́n sínú fíríísà títí á fi kún, a máa nílò wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe gbogbo iṣẹ́ náà lóòfo. Mo ń fi òótọ́ inú sọ ọ́. Ẹ gbé àpò asẹ́ sínú ìkòkò, ẹ wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ yí ìkòkò náà ká. Ẹ fà á sókè: ibo lẹ fẹ́ so ó kọ́ kó lè máa ro? Àpò tó ti mu omi máa wúwo tó kílò mẹ́rin sí márùn-ún, ó sì máa gbóná. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín kò gbà á, ẹ wá irin asẹ́ ńlá tó lè jókòó sórí ìkòkò. Ṣé ìkòkò náà gba abẹ́ fáńtílétọ̀ tó wà lókè sítóòfù? Ṣé ó wọ síńkì, àbí inú bàfù lẹ máa ti mú un tutù? Tó bá jẹ́ bàfù ni, ta ló máa bá yín gbé e gun àtẹ̀gùn? Ẹ má gbé ìkòkò omi híhó gun àtẹ̀gùn lẹ́yin nìkan.

Ọjọ́ náà

Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, pàápàá bó bá jẹ́ gáàsì lẹ ń lò. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò ní ilé ìdáná. Ẹ má mu ọtí títí iṣẹ́ á fi parí.

1. Ẹ tan iná sábẹ́ omi. Ó lè tó ìṣẹ́jú 45 kó tó gbóná. 69°C lẹ fẹ́ kó dé, kì í ṣe 66, nítorí ọkà tútù máa fà á wálẹ̀ nǹkan bíi dígírì mẹ́ta. Ẹ pa iná.

2. Ẹ tẹ́ àpò asẹ́ sínú ìkòkò, ẹ fi ìpáǹpá mú ẹnu rẹ̀ mọ́ etí. Ẹ máa da ọkà sí i díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa rò ó bí ẹ ṣe ń dà á. Ó máa ń di kókó bí àmàlà tí a kò rò dáadáa, ìyẹ̀fun gbígbẹ á sì wà nínú kókó náà tí omi kò ní kàn. Ẹ fọ́ gbogbo rẹ̀.

3. Ẹ wọn ooru ní ojú mẹ́ta: àárín, ẹ̀gbẹ́, ìsàlẹ̀. Bó bá wà láàárín 65 sí 67, ẹ dé e, ẹ wé aṣọ ìnura mọ́ ọn, ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ẹ rí i dájú pé iná ti kú kẹ́ ẹ tó kó aṣọ sún mọ́ ibẹ̀. Bó bá ga jù, omi tútù ife kan àti rírò ni oògùn rẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ fa àpò náà sókè díẹ̀ kó má kan ìsàlẹ̀, ẹ tan iná kékeré, kẹ́ ẹ máa rò ó. Àpò tó bá fara kan ìsàlẹ̀ ìkòkò lórí iná máa jó.

4. Ìṣẹ́jú 60. Ẹ ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan péré láàárín rẹ̀, kẹ́ ẹ rò ó, kẹ́ ẹ tún bò ó padà.

Nígbà tí wákàtí náà bá pé, ẹ bu ṣíbí kan nínú omi náà sórí àwo funfun, kẹ́ ẹ kán aidíìnì ẹyọ kan sí i. Bó bá di dúdú tàbí búlúù, ìyẹ̀fun ṣì kù nílẹ̀, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15 sí i. Bí àwọ̀ aidíìnì náà kò bá yí padà, tó ṣì pọ́n bó ṣe wà nínú ìgò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti di ṣúgà. Ẹ má jẹ́ kí èèpo ọkà wọ inú àwo náà, torí òun máa ń dú nígbà gbogbo, á sì ṣì yín lọ́nà. Ẹ da ohun tó wà nínú àwo nù. Ẹ má dà á padà. Ẹ wá tọ́ omi inú ìkòkò wò: ẹ ò fi ṣúgà kankan sí i, ó sì dùn.

5. Ẹ fa àpò náà yọ, ẹ jẹ́ kó ro, ẹ fún un. Àwọn kan ń kìlọ̀ pé fífún un máa mú ìkorò jáde. Èmi ò rí ìdí tí a fi máa da omi dídùn nù. Ẹ wo orógùn: ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi lítà 14. Bó bá dín, ẹ fi omi kún un.

6. Ẹ tan iná tó pọ̀. Àsìkò tó léwu jù ni ìgbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìfófòó rẹ̀ máa ń gbéra lójijì, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti ru bo sítóòfù, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pinpin. Ẹ dúró tì í. Ẹ ní ìgò ìfínmi tútù lọ́wọ́. Bó bá ti ń gun òkè, ẹ fín in, ẹ rẹ iná sílẹ̀.

7. Bí ìfófòó bá ti wálẹ̀, ẹ da ife hops àkọ́kọ́ sí i, díẹ̀díẹ̀, torí òun náà lè mú un ru. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú 60. Èyí ló ń fún ọtí ní ìkorò. Ẹ má dé ìkòkò náà rárá. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 10, ife kejì, òun ló ni òórùn dídùn.

8. Láàárín ìsè yìí ni kẹ́ ẹ pa kòkòrò. Lítà márùn-ún omi, mílílítà 7.5 Star San. Ẹ rì ìdérí, rọ́bà, ìgò hydrometer àti síṣọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ máa fi já páálí yíìsì sínú rẹ̀, ẹ sì yí i nínú ike kó kan gbogbo ara rẹ̀. Ẹ má fòyà ìfófòó rẹ̀, kò ní ṣe ọtí ní nǹkan. Látìgbà tí iná bá ti kú, ohunkóhun tó bá máa fara kan omi ọkà gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kan oògùn yìí.

9. Ẹ pa iná, ẹ dé ìkòkò, ẹ gbé e sínú síńkì tàbí bàfù tó ní omi tútù. Ẹ pààrọ̀ omi náà nígbà tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, lẹ́yìn náà ẹ to ike yìnyín yí i ká. Yìnyín kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé; omi ẹ̀rọ ni kó gba ooru ńlá, kí yìnyín wá parí rẹ̀. 20°C la fẹ́.

10. Ẹ dà á sínú ike, kẹ́ ẹ jẹ́ kó jábọ́ láti òkè kó lè gba afẹ́fẹ́. Yíìsì nílò rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò hydrometer. Nǹkan bíi 1.045 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Bó bá jẹ́ 1.040, ẹ má bọkàn jẹ́, ọtí náà á kàn fúyẹ́ díẹ̀ ni.

11. Ìdajì páálí yíìsì tó fún 10 lítà. Ẹ wọ́n ọn sójú omi náà, ẹ dé e. Ẹ lẹ ẹnu páálí náà pa, kẹ́ ẹ fi í sínú fìríìjì.

Ibi tí ike náà máa gbé

18 sí 20°C, ibi tí oòrùn kò dé, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Abẹ́ àtẹ̀gùn tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù dára. Laarin wákàtí 24, ẹ máa gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń ta pọ́-pọ́-pọ́ jáde. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ó lè jẹ́ ìdérí ni kò dé pinpin. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ìfófòó wà lójú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, tí iyàrá wà ní 30°C tí iná ìjọba kò sì ṣeé gbára lé, yíìsì tí mo sọ yìí á mú kí ọtí náà máa ta sánsán bí ọ̀dà. Yíìsì kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Norway fi ń pọntí láti ìran dé ìran, kveik ni wọ́n ń pè é. Irú rẹ̀ tó wá láti Voss ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín 35 sí 40°C. Ó wà ní páálí gbígbẹ báyìí. Ẹni tó bá ń bọ̀ nílé lẹ lè bẹ̀ kó mú un wá, kò wúwo nínú ẹrù.

Ẹ kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà: ooru omi kí ọkà tó wọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, iye lítà ṣáájú ìsè àti lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí hydrometer kà. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ máa fi tún ìṣirò omi ṣe nígbà mìíràn, torí ìkòkò yín kì í ṣe ìkòkò mi. Ẹ da eèrí ọkà síbi tẹ́ ẹ ti ń ṣe ajílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ pò ó mọ́ búrẹ́dì. Ẹni tó bá ní ajá, kó má jẹ́ kí ajá náà débi hops, ó máa ń pa wọ́n. Ẹ tú àpò asẹ́ sódì, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wọn ọtí náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ mẹ́ta wà láàárín. Bí nọ́ńbà náà kò bá yí padà, tó wà ní nǹkan bíi 1.011, ó ti jẹ ṣúgà rẹ̀ tán, ẹ lè rọ ọ́ sínú ìgò bíà tó ti mọ́, pẹ̀lú gíráàmù ṣúgà 5 sí lítà kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà bá ṣì ń lọ sílẹ̀, ẹ má rọ ọ́. Ìgò tí ọtí rẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́ lè bẹ́ lójú èèyàn. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn nínú iyàrá, kẹ́ ẹ tó gbé ọ̀kan sínú fìríìjì.